Kí ẹ tó bu omi kún rádíétọ̀, ẹ wá ibi tí omi ń gbà lọ

Mọ́tò kì í jẹ omi lásán. Bí omi rádíétọ̀ yín bá ń dín kù, ibì kan wà tó ń gbà lọ, ẹ sì gbọ́dọ̀ mọ ibẹ̀ kí ẹ tó tún bu òmíràn sí i. Ohun tí mo máa ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá gbé mọ́tò wá bá mi nìyẹn. Iṣẹ́ rádíétọ̀ ni mo kọ́, òun náà ni mo fi ń jẹun, lójú ọ̀nà Ẹlẹ́yẹlé n'Ìbàdàn níbí. Kí oòrùn tó mú láàárọ̀, Micra á ti tò síwájú ṣọ́ọ̀bù, bọ́nẹ́ẹ̀tì wọn á ti là sílẹ̀, kẹ́ẹ̀gì omi á sì wà nínú búùtù ọ̀pọ̀ nínú wọn. Kẹ́ẹ̀gì yẹn ló máa ń dùn mí. Awakọ̀ á bu omi ní Ọ̀jọ́ọ̀, á tún bu ú ní Ìwó Road, á ní "ó ṣáà ń gbé mi lọ," títí tọ́ọ̀pù gásíkẹ́ẹ̀tì, ìyẹn pẹlẹbẹ tó wà láàárín búlọ́ọ̀kù ẹ́ńjìnnì àti hẹ́ẹ̀dì orí rẹ̀, á fi jó lọ́jọ́ tó kó èrò. Owó tó máa ná lọ́jọ́ náà, owó iléèwé ọmọ ni, owó oúnjẹ ilé ni. Họ́ọ̀sì kan tàbí ìdérí kan ni ì bá ti fi yanjú ọ̀rọ̀ náà tipẹ́.

Micra ni mo máa fi ṣe àpẹẹrẹ torí pé òun ló gba tákísì ìgboro wa kan, àmọ́ ohun tí mò ń sọ bá Corolla, Golf, Sunny àti gbogbo mọ́tò àgbà tó ń lo omi mu. Micra pípẹ́ tí wọ́n ń pè ní K11, 1992 ni Nissan gbé e jáde. Sunderland ní England ni wọ́n ti tò ó fún àwọn ará Yúróòpù, òun sì ni wọ́n fún ní àmì-ẹ̀yẹ Mọ́tò Ọdún ti Yúróòpù ní 1993. Mọ́tò gidi ni. Ṣùgbọ́n àbúrò pátápátá nínú wọn ti lé ní ogún ọdún báyìí, ike ara rádíétọ̀ wọn ti gbó, rọ́bà họ́ọ̀sì wọn ti le. Àlúmíníọ̀mù ni búlọ́ọ̀kù ẹ́ńjìnnì náà, àlúmíníọ̀mù ni hẹ́ẹ̀dì tó jókòó lé e lórí. Àlúmíníọ̀mù kì í fara da ooru àpọ̀jù. Ó máa ń tẹ̀. Ẹ́ńjìnnì tó gbóná kọjá ààlà lẹ́ẹ̀kan péré lè máà bọ̀ sípò mọ́ láìjẹ́ pé wọ́n tú u.

Nínú epo bẹntiróòlù tí ẹ ń rà, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta agbára rẹ̀ ló ń sún mọ́tò lọ síwájú. Ìdá kan ń bá èéfín jáde. Èyí tó kù ń di ooru tí omi gbọ́dọ̀ gbé kúrò lára ẹ́ńjìnnì. Wọ́tà pọ́ǹpù ló ń ti omi náà káàkiri, tẹ́mọ́sítáàtì ló ń pinnu ìgbà tó máa kọjá sínú rádíétọ̀, atẹ́gùn iwájú àti faànù ló ń tu ú, ìdérí rádíétọ̀ ló sì ń sé e mọ́ kó má baà tètè hó. Ibi yòówù kó ti bàjẹ́ nínú wọn, ohun kan náà lẹ máa rí nínú mọ́tò: ọwọ́ gèéjì á máa gòkè. Ìdí nìyẹn tí kò fi yẹ kéèyàn máa sáré ra pọ́ǹpù nígbà tó jẹ́ pé ìdérí ló bàjẹ́.

Àárọ̀ kùtù, kí ẹ tó sítáàtì, ni kí ẹ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ẹ má ṣe ṣí ìdérí rádíétọ̀ nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá gbóná, ì báà jẹ́ ìṣẹ́jú kan péré lẹ fẹ́ fi wò ó. Mo ti rí àyà àti ojú tí omi gbígbóná bó, awọ ibẹ̀ kì í padà rí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Tó bá ti tutù, ẹ ṣí i, omi gbọ́dọ̀ kún dé ọrùn rádíétọ̀. Ẹ wo ike kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ náà, ẹ fi máákà fa ìlà sára rẹ̀ níbi tí omi dé. Lọ́jọ́ kejì, ní àárọ̀ náà, ẹ tún wò ó. Bí ìlà àti omi bá ṣì bára mu, ẹ pa bọ́nẹ́ẹ̀tì dé kí ẹ máa lọ síbi iṣẹ́. Bí omi bá ti sọ̀ kalẹ̀, iṣẹ́ ti dé nìyẹn.

Ẹ wá páálí ńlá kan, èyí tí wọ́n fi kó bísíkíìtì tàbí ìndómì, ẹ tẹ́ ẹ sábẹ́ mọ́tò lálẹ́. Ibi tó bá tutù lára páálí láàárọ̀ ló máa darí yín. Ó tutù lápá iwájú gan-an: rádíétọ̀ tàbí họ́ọ̀sì ìsàlẹ̀. Ó tutù lápá tí bẹ́líìtì wà: ó ṣeé ṣe kó jẹ́ wọ́tà pọ́ǹpù. Èyí tó bá ń kán lápá ẹ̀yìn ẹ́ńjìnnì lẹ́yìn tí ẹ lo AC, tó mọ́, tí kò ní àwọ̀, omi AC ni, kò kan rádíétọ̀. Àmọ́ bó bá jẹ́ omi kànga lásán lẹ ń bù sínú rádíétọ̀, báwo lẹ ṣe máa mọ ọ̀kan yàtọ̀ sí èkejì? Kúlàǹtì, èròjà olómi tí wọ́n ń pò mọ́ omi rádíétọ̀, ní àwọ̀. Bó bá jò, á fi ipa aláwọ̀ sílẹ̀ níbi tó gbà, kódà lẹ́yìn tó ti gbẹ. Mo ti rí ihò tí èèyàn mẹ́ta wá tì tẹ́lẹ̀, kìkì nítorí ipa aláwọ̀ ewé tó lẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ họ́ọ̀sì kan.

Ìdérí rádíétọ̀ ló kéré jù lówó nínú gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ, òun náà ni àwọn èèyàn ń fojú tín-ín-rín jù. Ẹ yí i dojú kọ oòrùn kí ẹ wo inú rẹ̀. Rọ́bà pẹlẹbẹ kan wà níbẹ̀ tí sípíríìngì ń tẹ̀ mọ́lẹ̀, rọ́bà kékeré mìíràn sì wà láàárín rẹ̀. Omi lásán á hó ní 100°C. Ṣùgbọ́n ìdérí tó dára ń sé omi mọ́ títí agbára inú rẹ̀ á fi pọ̀, omi náà á wá di nǹkan bíi 120°C kó tó hó. Nọ́ńbà tí ẹ ń rí lórí rẹ̀, 0.9 tàbí 1.1, ìwọ̀n agbára tó máa gbà kó tó tú díẹ̀ sínú ike ni. Bí rọ́bà yẹn bá ti là tàbí tó ti le, kò sí ohun tó ń sé agbára mọ́, omi á sì máa hó nínú gósìlóò Ìwó Road nígbà tí kò yẹ kó hó rárá. Rọ́bà kékeré àárín ní tirẹ̀ ń jẹ́ kí omi padà láti inú ike bí ẹ́ńjìnnì bá ti ń tutù. Tí ẹ bá jí láàárọ̀ tí họ́ọ̀sì òkè ti fún pọ̀, tó dà bíi pé ẹnì kan fọwọ́ tẹ̀ ẹ́ pẹlẹbẹ, rọ́bà kékeré yẹn ló di. Ẹ ra ìdérí tuntun tó ní nọ́ńbà kan náà. Ẹ má ra tòkunbọ̀ rẹ̀, kí ẹ má sì ra èyí tí nọ́ńbà rẹ̀ ga ju ti tẹ́lẹ̀ lọ torí pé ẹnì kan ní "èyí lágbára jù." Agbára àfikún yẹn, orí ike rádíétọ̀ tó ti gbó ló máa bọ́ sí.

Họ́ọ̀sì kò le láti yẹ̀ wò. Ẹ fọwọ́ tẹ̀ ẹ́ nígbà tó tutù. Èyí tó rọ̀ jù tàbí tó wú, èyí tó le gbagidi, èyí tó ń dún kẹ́kẹ́ tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́, gbogbo wọn ti parí iṣẹ́. Ẹ wo ibi tí kílíìpù ti mú un dáadáa, ibẹ̀ ló ti ń kọ́kọ́ là. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi rọ́bà túùbù so ojú họ́ọ̀sì dípò kílíìpù. Ooru á jẹ ẹ́. Bí ọ̀kan bá ti là, ẹ pààrọ̀ ti òkè àti ti ìsàlẹ̀ pọ̀, torí ọjọ́ kan náà ni wọ́n jọ wọ mọ́tò.

Rádíétọ̀ gan-an ló kàn. Ẹ kọ́kọ́ wo ojú rẹ̀ láti iwájú. Mo máa ń bá ọ̀rá píọ́ wọ́tà níbẹ̀, mo máa ń bá ìyẹ́ labalábá, ẹrẹ̀ òjò tó ti gbẹ mọ́ àárín àwọn irin wẹ́ẹ́wẹ́ẹ́ yẹn. Atẹ́gùn ò lè kọjá, omi ò sì lè tutù. Ẹ fi omi fọ̀ ọ́ láti ẹ̀yìn wá síwájú, kí ìdọ̀tí lè gba ibi tó gbà wọlé jáde. Omi pọ́ńpù lásán ni o. Ẹ̀rọ ìfọmọ́tò tó ń tú omi jáde pẹ̀lú agbára máa tẹ àwọn irin náà dùbúlẹ̀, ẹ ó sì ti fi ọwọ́ ara yín dí ọ̀nà atẹ́gùn.

Bó bá jẹ́ pé ó ń jò, tí ẹ ò sì rí ibẹ̀, ẹ jẹ́ kí wọ́n tú u kí wọ́n dán an wò nínú omi. Àgbá tí wọ́n gé sí méjì ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri ṣọ́ọ̀bù mi, omi kún inú rẹ̀ ní gbogbo ìgbà. Màá dí ojú họ́ọ̀sì ìsàlẹ̀, màá dí ọrùn rẹ̀, màá so rọ́bà atẹ́gùn mọ́ ojú tó kù, màá wá rì í sínú omi díẹ̀díẹ̀. Mi ò ní fún un ní atẹ́gùn ju ìwọ̀n tí ìdérí rẹ̀ ń gbà lọ. Lẹ́yìn náà, màá sọ fún àwọn ọmọ iṣẹ́ pé kí wọ́n má ṣe fọwọ́ kan àgbá, kí omi lè dúró jẹ́ẹ́. Ihò ńlá kì í fi ara pamọ́, á hó wùrùwùrù lójú ẹsẹ̀. Èyí tó ń pa awakọ̀ lówó ni èyí tó máa yọ ìhó kan ṣoṣo, tó tún máa dákẹ́, tó tún máa yọ òmíràn. Màá fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí i, màá yí rádíétọ̀ náà sí apá kejì, màá sì tún dúró, torí ìhó láti abẹ́ lè rìn lọ sí ẹ̀gbẹ́ kó tó yọ lókè, kéèyàn wá máa dí ibi tí kò lu.

Lára Micra àti ọ̀pọ̀ mọ́tò òde òní, ibi tí ike orí rádíétọ̀ ti pàdé irin ni ìhó yẹn sábà máa ń ti yọ. Rọ́bà wà láàárín wọn, irin ẹ̀gbẹ́ ni wọ́n sì ká mú un. Bó bá jẹ́ rọ́bà ló kú, a lè ṣí ẹ̀gbẹ́ náà, ká fi rọ́bà tuntun sí i, ká tún ká a padà. Bó bá jẹ́ ike ló là, gọ́ọ̀mù tí wọ́n bá fi lẹ̀ ẹ́ á gbé yín dé ilé, kò ní gbé yín dé Ọ̀yọ́. Ẹ ra òmíràn. Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́, bàbà ni rádíétọ̀ ìgbà tirẹ̀, iná àti lẹ́ẹ̀dì ló fi ń dí i, bó bá sì ti dí i, ó dí náà nìyẹn. Ẹni tó bá ṣì ní rádíétọ̀ bàbà tó mọ́ nínú, kó má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn án pé kó fi pààrọ̀ oníke.

Àwọn kan máa ń da ata gígún sínú rádíétọ̀ kó lè dí ihò. Àwọn mìíràn máa ń fọ́ ẹyin sí i, àwọn kan ń ra èròjà lẹ́búlẹ́bú tó wà fún un. Ihò náà lè dí lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀nà tí omi ń gbà kọjá nínú rádíétọ̀ kò fẹ̀, ohun tó bá lè dí ihò lè dí ọ̀nà náà. Mo ti gé rádíétọ̀ sí méjì tí ìdajì ọ̀nà inú rẹ̀ ti kún fún ẹyin tó ti le. Ẹni tó ni ín ní òun ò mọ ìdí tó fi ń gbóná bí òun bá ti gun òkè.

Ẹ jẹ́ kí n fara balẹ̀ sọ ti tẹ́mọ́sítáàtì, torí òun ni wọ́n ń ṣẹ̀ jù ní ìlú yìí. Bí mọ́tò bá ti gbóná, ohun àkọ́kọ́ tí ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì máa ṣe ni pé wọ́n á yọ ọ́ sọ nù. Bàbá kan tó ń ná Bódìjà sí Dùgbẹ̀ sọ fún mi pé, "Ọmọ mi, tẹ́mọ́sítáàtì kẹ̀? Ilẹ̀ olótùútù ni wọ́n ṣe é fún. Wọ́n ti bá mi yọ ọ́." Mo ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, epo tí ẹ ń rà lóòjọ́ ńkọ́, ṣé ó ti pọ̀ sí i?" Wọ́n ní ó ti pọ̀ sí i, àwọn rò pé àwọn ilé epo ló ń rẹ́ àwọn jẹ ni.

Tẹ́mọ́sítáàtì ń pa ọ̀nà rádíétọ̀ dé títí ẹ́ńjìnnì á fi móoru tó. Láìsí i, omi á máa gba inú rádíétọ̀ kọjá láti ìgbà tí ẹ ti sítáàtì, ẹ́ńjìnnì á pẹ́ kó tó móoru, kọ̀ǹpútà mọ́tò á rò pé òwúrọ̀ ṣì ni, á sì máa fún un ní epo púpọ̀. Ọ́ìlì kò ní gbóná tó láti lé ọ̀rinrin inú rẹ̀ lọ, ẹ́ńjìnnì á sì máa jẹ ara rẹ̀. Nínú àwọn ẹ́ńjìnnì kan, ọ̀nà àbùjá kan wà tí ìsàlẹ̀ tẹ́mọ́sítáàtì ń dí nígbà tó bá ṣí. Ẹ yọ tẹ́mọ́sítáàtì kúrò, ọ̀nà àbùjá yẹn á wà ní ṣíṣí, omi gbígbóná á máa gba ibẹ̀ padà sínú ẹ́ńjìnnì láì dé rádíétọ̀. Ohun tí wọ́n ṣe kó má baà gbóná ló wá ń mú un gbóná.

Ẹ lè dán an wò nílé. Ẹ wo ara rẹ̀, ẹ máa rí nọ́ńbà, bíi 82 tàbí 88. Ìwọ̀n ooru (°C) tó ti máa bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí nìyẹn. Ẹ fi òwú so ó, ẹ rọ̀ ọ́ sínú ìkòkò omi lórí sítóòfù, kó má kan ìsàlẹ̀ ìkòkò. Nígbà tí omi ṣì tutù, ó gbọ́dọ̀ pa dé pátápátá. Ẹ gbé e sókè síbi ìmọ́lẹ̀, ẹ ò gbọ́dọ̀ rí ojú kejì. Bí omi bá ti ń móoru, ẹ máa wò ó. Èyí tó dára á bẹ̀rẹ̀ sí í là díẹ̀díẹ̀, kí omi tó hó gùdùgùdù ó ti gbọ́dọ̀ ṣí gbayawu. Ẹ gbé e jáde, ẹ rí i pé ó tún pa dé bó ṣe ń tutù. Bó bá kọ̀ láti ṣí, tàbí tó kọ̀ láti pa dé, ẹ lọ ra tuntun ní Àráròmí, ní Gate, kí ẹ mú ti àtijọ́ dání kí ìwọ̀n wọn lè bára mu. Tí ẹ bá ń dá a padà sínú mọ́tò, ẹ wo ìṣó kékeré tó ń mì nínú ihò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀: òkè ló gbọ́dọ̀ wà, ibẹ̀ ni atẹ́gùn ń gbà jáde.

Faànù náà ń jìyà lọ́wọ́ wa. Bí kò bá ṣiṣẹ́, rewáyà á so ó ní dáírẹ́ẹ̀tì kó lè máa yí láti ìgbà tí ẹ ti sítáàtì. Ó lè gbé yín kúrò lójú ọ̀nà lónìí, kò burú. Ṣùgbọ́n faànù tí kì í sinmi á tètè kú, ọjọ́ tó bá sì kú nínú gósìlóò, ẹ ò ní mọ̀ àfi nígbà tí èéfín bá ń jáde. Ẹ ní kí wọ́n wá fíúsì, réléè tàbí sẹ́ńsọ̀ tó bàjẹ́ kí wọ́n tún un ṣe. Tí wọ́n bá ti tú wáyà faànù rí, ẹ tún wo ọ̀nà tó ń yí sí. Ẹ ta ewé bébà kan sí iwájú rádíétọ̀ nígbà tí faànù ń ṣiṣẹ́: bí faànù bá wà lẹ́yìn rádíétọ̀, ó gbọ́dọ̀ fa bébà náà mọ́ra. Bó bá ń fẹ́ ẹ dànù, wọ́n ti so wáyà náà sódì.

Wọ́tà pọ́ǹpù kò ní ọ̀rọ̀ púpọ̀. Ihò kékeré kan wà lábẹ́ rẹ̀ tí wọ́n dìídì dá sí i. Bí omi bá ń kán níbẹ̀, rọ́bà inú rẹ̀ ti kú, kò sí àtúnṣe, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Ẹ di ojú rẹ̀ mú kí ẹ mì ín nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá kú. Kò gbọ́dọ̀ mì. Ẹ wo bẹ́líìtì rẹ̀ náà, torí bẹ́líìtì tó dẹ̀ kò lè yí pọ́ǹpù bó ṣe yẹ.

Ó kan omi fúnra rẹ̀. Àwọn kan á ní òtútù tó ń sọ omi di yìnyín kò sí n'Ìbàdàn, kí wá la fẹ́ fi kúlàǹtì ṣe? Kúlàǹtì ń dá ìpẹtà dúró nínú àlúmíníọ̀mù àti irin, ó ń fún rọ́bà pọ́ǹpù ní ẹ̀mí, ó sì ń jẹ́ kí omi pẹ́ kó tó hó. Omi kànga àti ti bọọ̀hóòlù ní èròjà ilẹ̀ nínú tó máa ń di èépá sí ara ọ̀nà omi. Èyí tí mo máa ń gbà yín níyànjú ni ìdajì kúlàǹtì, ìdajì omi tí wọ́n sè di oru tí wọ́n tún jẹ́ kó di omi padà, èyí tí wọ́n ń tà fún bátìrì. Kí ẹ ṣáà rí i pé kì í ṣe ásíìdì bátìrì ni wọ́n tà fún yín. Bí ẹ kò bá rí i, omi òjò tí ẹ fi abọ́ mímọ́ gbè láìgba orí páànù sàn ju ti kànga lọ. Ẹ má po àwọ̀ méjì pọ̀, torí àwọn kan máa ń dì nínú rádíétọ̀ bí wọ́n bá pàdé. Èyí tó jẹ́ aláwọ̀ ewé lásán, ẹ pààrọ̀ rẹ̀ lẹ́yìn ọdún 2. Àwọn tí wọ́n kọ sára wọn pé wọ́n ń pẹ́ lè tó ọdún 5. Ẹ ra èyí tí ojú rẹ̀ ṣì dí, lọ́dọ̀ ẹni tí ẹ mọ ibi tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà, torí omi aláwọ̀ lásán wà lọ́jà.

Májèlé ni kúlàǹtì, ó sì ń dùn lẹ́nu. Ọmọdé àti ewúrẹ́ á lá a tí wọ́n bá rí i nílẹ̀. Èyí tí ẹ bá tú jáde, ẹ dà á sínú kẹ́ẹ̀gì, ẹ dé e, ẹ kọ ọ́ sára rẹ̀. Ẹ má ṣe dà á sí gọ́tà.

Tí ẹ bá fẹ́ fọ inú rẹ̀, ẹ duro kó tutù, ẹ tú omi tó wà nínú rẹ̀ láti ìsàlẹ̀, ẹ fi họ́ọ̀sì omi fọ̀ ọ́ títí omi á fi máa jáde ní mímọ́. Ẹ má fi sódà kọ́sítíìkì tàbí ásíìdì ilé ìyàgbẹ́ fọ̀ ọ́. Sódà kọ́sítíìkì ń jẹ àlúmíníọ̀mù. Ohun tó bá fọ èépá náà máa fọ rádíétọ̀ mọ́ ọn. Lẹ́yìn ìyẹn ni iṣẹ́ tí ọ̀pọ̀ ń fò: lílé atẹ́gùn jáde. Ẹ gbé imú mọ́tò sókè díẹ̀, ibi tí ilẹ̀ ti ga dára fún un. Ẹ ṣí híítà sí gbígbóná pátápátá bó bá ṣì wà. Ẹ rọra bu omi àti kúlàǹtì tí ẹ ti pò sí i, ẹ máa tẹ họ́ọ̀sì òkè bí ẹ ṣe ń bù ú. Ẹ sítáàtì, ẹ fi ìdérí sílẹ̀ ní ṣíṣí, ẹ máa fi kún un bó ṣe ń wọlẹ̀. Nígbà tí họ́ọ̀sì òkè bá gbóná lójijì, tẹ́mọ́sítáàtì ti ṣí nìyẹn. Omi á tún wọlẹ̀, ẹ fi kún un, ẹ dé e. Atẹ́gùn tó bá há sínú ẹ́ńjìnnì á jẹ́ kí ibì kan máa jó nígbà tí gèéjì ṣì ń sọ pé àlàáfíà ni.

Gèéjì kò sì yẹ kéèyàn gbára lé e tán. Inú omi ni sẹ́ńsọ̀ rẹ̀ ń gbé. Bí omi bá ti lọ tán, inú oru omi ló wà, ó sì lè máa fi hàn pé ooru kò pọ̀ nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń kú lọ. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí: bí ọwọ́ gèéjì bá lọ sókè tó tún já wálẹ̀ lójijì, ẹ páàkì lójú ẹsẹ̀.

Tí ẹ bá ń gun Màpó láti Bẹẹrẹ pẹ̀lú èrò márùn-ún, ẹ pa AC, ẹ lo jíà ìsàlẹ̀ kí ẹ́ńjìnnì àti pọ́ǹpù lè máa yí dáadáa. Bí ọwọ́ gèéjì bá ń sún mọ́ pupa, tí kò tíì wọ ibẹ̀, ṣíṣí híítà ń gbé ooru díẹ̀ kúrò. Kò dùn mọ́ èrò, ṣùgbọ́n ó ń gbani. Tó bá ti wọ inú pupa, ẹ kúrò lójú ọ̀nà, ẹ pa ẹ́ńjìnnì, ẹ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ẹ bẹ èrò, ẹ dá owó wọn padà, ẹ jẹ́ kí wọ́n wọ mọ́tò mìíràn. Ẹ má da omi tútù sára ẹ́ńjìnnì, ẹ má sì bu ú sínú rẹ̀, irin gbígbóná tó pàdé omi tútù máa ń sán. Ẹ dúró ó kéré tán 30 sí 45 ìṣẹ́jú. Ẹ fọwọ́ tẹ họ́ọ̀sì òkè; bó bá ṣì le, ẹ dúró sí i. Bó bá ti rọ̀, ẹ fi aṣọ tó nípọn bo ìdérí, ẹ yí i dé ìdajì, ẹ jẹ́ kí oru omi tán, kí ẹ tó ṣí i pátápátá. Ẹ sítáàtì kí ẹ tó máa rọra bu omi sí i.

Bí omi bá ń dín kù tí páálí gbẹ, tí họ́ọ̀sì gbẹ, tí àgbá kò rí ihò, inú ẹ́ńjìnnì ló ń gbà lọ. Ẹ fa ọ̀pá ọ́ìlì wò: bí àwọ̀ rẹ̀ bá dà bíi tíì tí wọ́n bu mílíìkì sí, omi ti wọ inú ọ́ìlì. Ẹ wo èéfín ẹ̀yìn tí mọ́tò bá ti gbóná: èéfín funfun tí kì í tán, tó ń rùn bí ohun dídùn, kúlàǹtì ló ń jó. Tí ẹ bá sítáàtì láàárọ̀ pẹ̀lú ìdérí ní ṣíṣí, tí ìhó ń yọ léraléra nínú rádíétọ̀, tí họ́ọ̀sì sì ti le kí ẹ́ńjìnnì tó móoru, tọ́ọ̀pù gásíkẹ́ẹ̀tì ló jó. Ẹ má wa mọ́tò náà mọ́. Ẹni tó bá máa pààrọ̀ rẹ̀ gbọ́dọ̀ gbé irin títọ́ lé hẹ́ẹ̀dì náà kó sì wọn àlàfo abẹ́ rẹ̀; fún ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì kékeré, bó bá ti ju 0.1 mm lọ, kí wọ́n gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń fá a. Láti àárín lọ sí ẹ̀gbẹ́ ni wọ́n ti ń di bóòtù rẹ̀, díẹ̀díẹ̀, pẹ̀lú sípánà tó ń wọn agbára.

Kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, ẹ bi mẹkáníìkì léèrè ohun tó kọ́kọ́ mú un gbóná. Bí kò bá lè dáhùn, ẹ má tíì san owó. Ẹ pààrọ̀ ìdérí, tẹ́mọ́sítáàtì àti kúlàǹtì lẹ́ẹ̀kan náà pẹ̀lú gásíkẹ́ẹ̀tì, kí ẹ sì máa wo ìlà tí ẹ fi máákà fà sára ike náà ní gbogbo àárọ̀ fún ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́.